Sátidé, Aago Mẹ́rin

Ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ kí n tó la ẹnu, nítorí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ilé ọmọ ká, tí Ọlọ́run sì bá a tún un ṣe, kò gbọdọ̀ jókòó máa sọ ìtàn láìdúpẹ́. Èmi ni alárinà àwọn méjèèjì. Èmi náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, wọ́n sì ń bẹ̀ mí pé kí n má ròyìn rẹ̀ níta mọ́. Ẹnu mi ni o, kì í ṣe ẹnu wọn.

Tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Dókítà kan ló kọ́ ọ láyé àwọn bàbá ńlá wa. Yàrá márùn-ún péré ni. Yàrá tó ti ń gba aláìsàn wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìgò aláwọ̀ búlúù lórí pẹpẹ àti ìwọ̀n kékeré tó fi ń wọn oògùn. Àtẹ̀gùn onípákó tó máa ń ké bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló gbé èèyàn lọ sókè, níbi tí bẹ́ẹ̀dì tọkọtaya náà wà. Bẹ́ẹ̀dì yẹn kúrú débi pé kò sí àlejò tí kì í béèrè pé, "Ṣé aràrá ni wọ́n ni?" Mo máa ń dáhùn pé, "Ìfẹ́ ló sún wọn mọ́ra." Irọ́ ni. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí sùn ni, wọn kì í nà gbalaja bíi tiwa. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn máa ń pa àlejò lẹ́rìn-ín, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ẹ̀yìn ilé ni ọgbà wà. Ìyàwó dókítà ló dá a sílẹ̀, ó sì kọ gbogbo ohun tó gbìn sínú ìwé kékeré kan. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, a ò gbọdọ̀ gbìn ín. Ẹni tó ń tọ́jú ọgbà náà ni gbogbo wa ń pè ní Ológbà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń fa koríko tu, ẹ ó rò pé ó ń bẹ koríko náà kó má bínú ni. Lórí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn nìkan ni kì í gba gbẹ̀rẹ́. Mo gbin ata méjì péré sẹ́bàá ògiri nígbà kan, kí n tó jẹun ọ̀sán ó ti fà á tu.

Ó ní, "Mà, ìyàwó dókítà ò gbin ata."

Mo ní, "Ìyàwó dókítà ti kú!"

Ó ní, "Ìwé ẹ̀ ò tíì kú, mà."

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi lẹ́nu iṣẹ́. Apòògùn ni, ní ilé ìwòsàn kan nílùú kejì. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nìkan ló sì tọ́ ọ, kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Bàbá yẹn ló ń dirun fún un, ó máa ń di í wọ́gọwọ̀gọ, ọmọ náà á sì máa fi yangàn nílé ìwé. Nítorí náà, kò sí ohun ńlá kan tó lè dáwọ́ lé láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ bá a lẹ́nu sí i. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ó wọ ọgbà lọ, kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ohùn wọn láti ojú fèrèsé mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ewé yẹn," Ológbà wí.

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Mò ń ka pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni. Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ kọ ọ́ pé oògùn àìsàn ọkàn ni. Ẹ ò wá kọ ọ́ pé ó lè pa èèyàn?"

Òdòdó elésè àlùkò kan ni, tó rí bí agogo kéékèèké. Ológbà ní bí ìyàwó dókítà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Ọmọ wa ní, "Dókítà ni ọkọ tiẹ̀, ó mọ ìwọ̀n tó yẹ. Bí àlejò kan bá já a lọ sílé, tó lọ sè é mu ńkọ́? Ṣé ẹ máa lọ kí wọn níbi ìsìnkú?"

Mo na etí. Mo ń retí kó sọ pé ìwé ò tíì kú. Àfi bó ṣe fa pátákó náà yọ kúrò nínú ilẹ̀, tó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó wà."

Háà! Ata tèmi, ó fà á tu. Ọmọge dé, ó na pátákó.

Ó gbé pátákó náà lọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa, ó gbé e padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́bọ̀ kẹta, ó ní òun wá wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Lọ́jọ́bọ̀ kẹrin, mo bi í pé, "Ṣé ọ̀dà yẹn ò tíì gbẹ ni?"

"Àǹtí, òjò ló pa á."

"Òjò wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ. Kò sì sí òjò kankan lóṣù yẹn o, agolo ni Ológbà fi ń pọn omi láti àárọ̀ dalẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe gba oṣù mẹ́jọ. Bó bá ti di Ọjọ́bọ̀, Ológbà á fárùngbọ̀n, á wọ bùbá tó mọ́, á wá máa wo géètì bíi pé ẹnì kan jẹ́ ẹ lówó. Bí ọmọ wa ò bá ráyè wá, á wá sí ojú fèrèsé mi, á ní, "Mà, ṣé ara yín le?" Èmi tó ti rí láàárọ̀! Mo máa ń sọ fún un pé ara mi le, àti pé iṣẹ́ ló dí ọmọ wa lọ́wọ́. Ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Nígbà tó yá, ó wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ti fọ ọwọ́, síbẹ̀ ó kó o sẹ́yìn.

"Mà, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní nǹkan kan ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ."

Mo ní, "Ìyẹn kéré ni?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí pé mo mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ogójì ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kó sì rí i pé àmì ohùn pé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Alámì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò sí lẹ́tà tí mo kọ sí i rí tí kò dá padà fún mi pẹ̀lú bírò pupa. Nígbà tí mo bímọ àkọ́kọ́, tí mo fi ayọ̀ kọ̀wé sí i, ó dá a padà: àmì méjìdínlógún ni mo gbàgbé, ó sì kọ "ẹ kú ewu ọmọ" sísàlẹ̀.

Mo bá a nínú pálọ̀ rẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi.

"Kí niṣẹ́ ẹ̀?"

"Ó ń tọ́jú ọgbà, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀, nìyẹn."

"Ó kàwé nípa ẹ̀ o. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ ò tíì rí bí—"

"Ṣé o ti gbàgbé bàbá wa ni?"

Mi ò gbàgbé. Bàbá wa tọ́jú ọgbà àwọn olówó títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Ilé mẹ́rin ló ń ṣe lọ́sẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn onílé náà tó mọ orúkọ rẹ̀. "Ìwọ" ni wọ́n ń pè é. "Ìwọ, wá gé èyí." Lára iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé, tí èmi náà fi kà díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo búra nígbà tí a sin ín. Mo ní ìdílé mi ò ní kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn mọ́. Mi ò sì rán ọmọ mi nílé ìwé kó lè padà síbi tí mo ti sá kúrò."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní, "Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ẹ ò yọjú síbẹ̀ rí. Ẹ ṣáà wá fojú rí ọmọ náà. Bí ẹ bá rí i tí ẹ ò fẹ́ ẹ, n ó panu mọ́." Ó kùn, ó kùn, ó ní ó dáa, òun á wá ní Sátidé, aago mẹ́rin.

Sátidé pé. Ológbà ti gbá ojú ọ̀nà láti àárọ̀, ó ti gé igi ọgbà dọ́gbadọ́gba. Ọmọ wa jókòó sórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. Aago mẹ́rin lù, a ò rí ẹnì kankan. Ó di márùn-ún, ó di mẹ́fà.

Ológbà ní, "Bóyá ojú ọ̀nà ò dáa, mà."

"Ọ̀nà wo? Ogún ìṣẹ́jú ni!"

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi títí, kò gbé e. Ọmọ wa dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó padà sílùú tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tiẹ̀ yà sílé bàbá rẹ̀. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó ráyè lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti múra ìjà lọ. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo dé ẹnu géètì yín. Mo rí i láti ìta, láàárín ilé àti ògiri. Ó wà lórí eékún nínú erùpẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi wọlé mọ́, mo padà."

Ó wá ní, "Mi ò lè wọ irú ibi yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò pè mí láti ọjọ́ náà, mi ò sì rí oorun sùn. Kó wá bá mi níbí. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin. Kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Bí kò bá wá, kó má wá mọ́ láéláé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ayọ̀ gbé mi! Lójú ẹsẹ̀ ni mo yọ fóònù, mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa. Ohun tí mo tẹ̀ rèé, bó ṣe wà gan-an:

Baba ni ko wa ni Satide aago merin.

Kò pẹ́, ó dá mi lóhùn: A ti gbo. E se, Anti. Mo ní, Ọlọ́run, o ṣeun. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní Ológbà ti gba àyè ọjọ́ mẹ́ta, ó rìnrìn àjò. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní ó ti lọ rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ kí bàbá ìyàwó.

Sátidé dé. Mo gbàyè níbi iṣẹ́ kí n lè wà nílé ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá tó lóun ò fẹ́ àna yìí ti wọ aṣọ funfun láti aago méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sún àga kan náà. Ó bi mí bóyá omi tútù wà, mo ní ó wà, ó tún lọ wò ó fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu kó má bàa rí ẹ̀rín mi.

Aago mẹ́rin lù, a ò rí ẹnì kankan. Ó di mẹ́rin ààbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó di márùn-ún.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Ó ti parí."

Mo pe ọmọ wa. Ẹkún ló fi gbé e.

"Àǹtí, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ sọ?"

"Ẹ̀yin dà? Bàbá ẹ ń dúró dè yín níbí láti ọ̀sán!"

"Dúró báwo? Ẹ̀yin náà lẹ ránṣẹ́ pé Bàbá ni kò wá ní Sátidé, aago mẹ́rin. A mọ̀ pé òun ni kò wá, a ṣáà wà níbẹ̀! Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Ó ní bàbá mi ti dáhùn nìyẹn, òun ò sì ní ba àárín bàbá àti ọmọ jẹ́. Ó ti lọ gba iṣẹ́ sí ọgbà ńlá kan lọ́nà jíjìn. Àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ. Inú ọgbà la wà yìí, mo wá kí i pé ó dàbọ̀."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó wá ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀ náà rí. Ó kà á sínú. Ó wá kà á síta, lọ́nà méjì, bó ṣe máa ń kà á fún àwọn ọmọ iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé: "Bàbá ní kó wá. Bàbá ni kò wá."

Ó pariwo, "Ogójì ọdún! Ogójì ọdún ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o máa fàmì sọ́rọ̀!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ pa mí. Ẹ ṣáà pa mí." Omijé ni mo fi ń sọ ọ́. Mo ń rí ọmọ tí kò ní ìyá, tí mo gbé pọ̀n, tí mo tún wá fi ìka kan ṣoṣo gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rò pé yóò máa bá ariwo lọ, àfi bó ṣe jókòó. Ó tún wo fóònù náà. Ó ní, "Òótọ́ sì ni."

"Kí lòótọ́, Bọ̀ọ̀dá?"

"Èmi ni mi ò wá." Ó dìde. "Bá mi gbé bàtà mi."

Ẹni tó dúró sí ipò mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ò mọ̀ ọ́n, ó ní kí bàbá gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó sì gbà á! Ó gba inú ilé kọjá láìwo nǹkan kan, ó sáré kọjá lára ìgò àti ìwọ̀n, mo ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ẹ tẹrí ba o!" Kí n tó sọ ọ́ tán, ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó kúrú ti gbá a níwájú orí. Kò tiẹ̀ fọwọ́ pa á.

Ọmọ wa wà lórí àga gbọọrọ, ojú rẹ̀ wú. Ológbà wà lórí eékún, ó ń gbin àwọn tó kù láti gbìn kó tó lọ. Nígbà tó rí wa, ó fẹ́ dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Má dìde."

Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó wọ aṣọ funfun báláú, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó fi èkejì kanlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pariwo, "Bàbá!" Kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Na ọwọ́ ẹ."

"Ó dọ̀tí, sà."

"Mo ní kó o nà án."

Ológbà nà án. Erùpẹ̀ ti dúdú sábẹ́ èékánná rẹ̀, ẹ̀gún ti fa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ya. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń wò ó.

Ó ní, "Bí ọwọ́ bàbá mi ṣe rí nìyí. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, ó wá bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Ó na ọwọ́ yìí sí mi lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ti ọwọ́ tèmi bọ àpò. Wọ́n bi mí pé ta ni, mo ní ẹni tó ń bá wa gé koríko ni."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Àwa méjèèjì la jọ sin bàbá wa, kò sọ ọ́ fún mi rí.

"Kò bá mi jà. Ó ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá kékeré.' Ó yí padà, ó lọ. Bàbá mi fi 'ẹ' kí mi. Nítorí kí ojú má bàa tì mí."

Ó wá gbójú sókè wo Ológbà. "Ìwọ kọ́ ni mò ń kọ̀, ọmọ mi. Ara mi ni mi ò lè wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ. Ẹ bá mi fẹ́ ọmọ mi."

Bí ẹ bá gbọ́ "ẹ" yẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi! Ológbà ń mi orí pé òun gbà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí erùpẹ̀. Ọmọ wa ti sáré dé, ó kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀, ó gbé orí lé e léjìká. Èmi nìkan ni mo dúró bí òpó. Mo bi ara mi pé kí ni mò ń dúró ṣe, mo bá kúnlẹ̀ pẹ̀lú wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ sókè, kò sẹ́ni tó bá mi wí.

Bí a ṣe wà nìyẹn, àwa mẹ́rin lórí eékún nínú ebè, nígbà tí obìnrin kan tó wá wo ọgbà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó wò wá títí.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé nǹkan ló sọ nù ni, ká bá yín wá a?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ Ológbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ó ti pẹ́ tó ti sọ nù. A ti rí i."